Ẹ Wọn Kànga Kí Ẹ Tó Mọ Adágún: Ẹ̀kọ́ Ìdílé Lórí Adágún Ẹja Kékeré Lẹ́yìn Ilé



Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń béèrè lọ́wọ́ wa: bí ènìyàn ṣe lè ṣe adágún ẹja kékeré sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Zaria níbí, kí ó máa rí ẹja tútù sè fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì máa fi omi tí ó bá dà jáde níbẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́.

A óò sọ bí a ṣe ń mọ ọ́n, iye ẹja tí ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀, àti oṣù tí ó yẹ kí wọ́n wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ṣọ́bìrì àti sìmẹ́ǹtì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti jáde. Àwọn àgbà ní ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwa ni ará iwájú yẹn.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa ìdílé mẹ́ta tí a jọ ń gbé ilé kan ní Tudun Wada da owó pọ̀, a sì gbẹ́ kòtò ẹja sí ẹ̀yìn ilé. Oṣù kẹsàn-án ni a parí rẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀, kànga àgbàlá sì kún débi pé ọmọ kékeré lè fi okùn kúkúrú fa omi. Inú wa dùn. Kòtò náà jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní ìbú àti mítà 1 ní jíjìn, ẹnu rẹ̀ sì bá ilẹ̀ dọ́gba. Omi tí ó gbà jẹ́ líta 6,000, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 lọ́nà 240. Àwa kò ka kẹ́ẹ̀gì kankan nígbà náà, nítorí òjò ni ó bá wa kún un. A kó ọmọ ẹja àrọ̀ 200 sínú rẹ̀.

Títí di oṣù kejìlá, kò sí wàhálà. Ẹja kéré, oúnjẹ wọn kéré, ìdọ̀tí wọn náà sì kéré. Nígbà tí ó fi máa di ìparí oṣù kejì, ẹja ti tóbi, wọ́n ń jẹun gan-an, omi wọn sì ń yára rùn. Ó di dandan kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni kànga sì ń lọ sílẹ̀. A so okùn mọ́ okùn. Bẹ́ẹ̀, kànga náà kì í ṣe tiwa nìkan: ilé mẹ́rin ni ó ń pọn ọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ Háúsá, aládùúgbò wa, jáde láti pọn omi. Ó sọ garawa rẹ̀ sínú kànga, ẹrẹ̀ ni ó fà jáde. Ó wo garawa, ó wo kòtò wa tí omi kún, ó sì wí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé: “Kifinku na shan ruwa, mu kuma fa?” Ẹja yín ń mu omi, àwa ńkọ́?

Kò pariwo, kò bú wa. Bí ó bá bú wa ni, ìbá sàn fún wa. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó, a sì fi ẹnu kò. A kó ẹja náà tà ní kékeré, owó tí a rí kò sì tó èyí tí a ná. A mú ẹja lọ fún ìyá náà àti fún àwọn ilé méjì yòókù, a tọrọ àforíjì, a sì di kòtò náà pa. Ohun mìíràn wà tí a kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Nínú oṣù tí ó ṣáájú, ọmọ wa kan tí ó ń rákò ti dé etí kòtò náà kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Ọlọ́hun ni ó yọ wá.

Ọdún kejì ni a tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́nà mìíràn. Ọ̀nà kejì yìí ni a fẹ́ kọ́ yín.

OMI TÍ Ó ṢẸ́KÙ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, omi kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nínú ìsìn wa. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti fi omi tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa du ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ omi tí ó ṣẹ́kù pàápàá ni a kò gbọdọ̀ dù wọ́n, mélòó mélòó ni omi tí kò ṣẹ́kù, tí ó jẹ́ ti àpapọ̀, tí aládùúgbò wa fẹ́ fi ṣe àlùwàlá, tí ó fẹ́ fi se oúnjẹ? Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò pin sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń sọ èdè wa. Àwa tí a kúrò nílé wá sí ìlú yìí, tí wọ́n sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó tún yẹ kí a ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adágún nínú ọgbà kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwòrán kan wà tí wọ́n yà sára ògiri ibojì ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nebamun, ní nǹkan bí ọdún 1350 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà. Ó fi adágún hàn láàárín ọgbà eléso, ẹja epìyà àti pẹ́pẹ́yẹ sì wà nínú rẹ̀. Ní Granada ní ilẹ̀ Spain, àwọn ọba Mùsùlùmí ti ìdílé Nasrid ṣe adágún gígùn sí àárín àgbàlá ààfin Alhambra ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: orí òkè ni ààfin náà wà, ìyẹn ni wọ́n fi la ojú omi gígùn láti odò Darro wá síbẹ̀. Ọ̀nà tí omi máa gbà wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ẹ̀kọ́ tiwa náà nìyẹn.

ÒJÒ ZARIA KÌ Í ṢE ÒJÒ ÌBÀDÀN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbọ́ nípa ọ̀sìn ẹja láti ẹnu àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkó. Ìmọ̀ràn wọn dára, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ tiwọn ni wọ́n ń wò. Ní Ìbàdàn, òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta. Ní Zaria, oṣù karùn-ún ni òjò tó dúró dáadáa, oṣù kẹjọ ni ó máa ń le jù, ó sì ti ń parí ní oṣù kẹwàá. Òjò tí ó ń rọ̀ níbí lọ́dún kan tó nǹkan bíi mìlímítà 1,000, ṣùgbọ́n nínú oṣù mẹ́fà yẹn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, ojú sánmà á gbẹ. Ọyẹ́ á dé, omi á tutù, ẹja àrọ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Lẹ́yìn ọyẹ́ ni ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin yóò wá gbẹ kànga.

Nítorí irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sé odò Galma láti fún ìlú Zaria ní omi, tí wọ́n sì sé odò Kubanni fún Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru, láàárín àwọn ọdún 1970. Bí ìjọba bá ní láti sé odò kí omi tó tó lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni àwa yóò fi kànga kan ṣoṣo ṣe?

Ohun kan tún wà tí ojú gbogbo wa mọ̀ nínú àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Háúsá: kududdufi, ìyẹn àwọn ọ̀gbun tí wọ́n ti wa amọ̀ ìmọlé, tí òjò wá sọ di adágún. Kò sí ẹni tí í tọ́jú wọn. Ẹ̀fọn ń pọ̀ níbẹ̀, pàǹtírí ń bọ́ sínú wọn, wọ́n sì léwu fún ọmọdé. Adágún ẹ̀yìnkùlé tí kò ní olùtọ́jú kò yàtọ̀ sí kududdufi. Kí ẹni tí kò bá ní ààyè láti wò ó lárààárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ má ṣe é rárá.

ẸJA WO NI Ó YẸ?

Nínú gbogbo ẹja, àrọ̀ ni ó bá ẹ̀yìnkùlé mu jù, èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní tarwada. Ó ní ohun kan lẹ́bàá ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà kì í tètè kú nínú omi kékeré tí kò sàn. Ó ń yára tóbi, ọjà rẹ̀ sì ń yá. Epìyà, tí wọ́n ń pè ní karfasa, dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bímọ púpọ̀ jù nínú adágún. Kí ènìyàn tó mọ̀, wẹ́wẹ́ á ti kún ibẹ̀, kò sì ní sí èyí tí ó tó fi sínú ìkòkò.

Ọ̀sìn ẹja kì í ṣe àjèjì sí òkè ọya. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti dá oko ẹja ńlá sílẹ̀ ní Panyam, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Plateau lónìí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ìdídò Kainji ní 1969, ìlú New Bussa di ojúkò ìwádìí nípa ẹja inú omi dídùn. Nítòsí wa níbí, iṣẹ́ NAERLS tí ó wà ní Samaru ni láti mú ìmọ̀ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Kí ẹ má tijú láti lọ béèrè.

BÍ A ṢE Ń WỌN KÀNGA

Ìdajì oṣù kẹta ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Kànga tí ẹ bá wọ̀n ní oṣù kẹjọ á tàn yín jẹ.

1. Ní àsùbá, kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ sọ ọ́ sínú kànga títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ fà á jáde, kí ẹ sì ta kókó síbi tí omi dé lára okùn.

2. Fún ọjọ́ 3, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé tí ó ń lo kànga náà pọn omi bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n tẹ́lẹ̀. Kí ọmọ kan máa fi ẹfun sàmì sára ògiri fún garawa kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin náà á wá mọ iye tí ẹ ń lò.

3. Ní àsùbá ọjọ́ kẹrin, ẹ tún sọ okùn. Bí omi kò bá dé ibi kókó mọ́, a jẹ́ pé kànga ti wọ gbèsè. Kò sí omi ẹja níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

4. Bí omi bá dé ibi kókó, ẹ pọn garawa 10 lé iye tí ẹ ń lò lójúmọ́. Bí ó bá tún padà dé ibi kókó ní àsùbá ọjọ́ kejì, garawa 10 yẹn ni ìṣẹ́kù yín.

5. Ẹ pín ìṣẹ́kù sí méjì. Ìdajì ni ti ẹja. Ìdajì kejì ni ti àlejò, ti ìnáwó, àti ti ọdún tí òjò bá pẹ́ kí ó tó rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí garawa yín bá gba líta 15, garawa 5 jẹ́ líta 75 lójúmọ́, ìyẹn líta 525 lọ́sẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo adágún tí ó gùn ní mítà 2, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, tí omi rẹ̀ sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 80. Líta 2,400 ni ó gbà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 96. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè mú omi lọ tó mìlímítà 7 lójúmọ́, èyí tí ó ju líta 140 lọ lọ́sẹ̀ kan lórí adágún yìí. Ohun tí ó kù fún pípààrọ̀ omi kò tó líta 400, bẹ́ẹ̀ ẹja 50 ń fẹ́ kí a máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kànga yìí, bí ó tilẹ̀ ní ìṣẹ́kù, kò lè gbọ́ ju ẹja 15 sí 20 lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ sì má sọ pé ẹ óò máa ra omi lọ́wọ́ mai ruwa. Owó omi oṣù kẹta àti ìkẹrin á jẹ èrè ẹja tán.

ÀSÌKÒ NI GBOGBO NǸKAN

Ohun tí a wá ṣe lẹ́ẹ̀kejì nìyí, òun ni a sì gba ọ̀pọ̀ ilé níyànjú láti ṣe: kí a sin ẹja pẹ̀lú òjò, kí a sì kó wọn jáde kí kànga tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Oṣù kọkànlá: ẹ mọ adágún. Ilẹ̀ kò tíì le bí òkúta, kànga ṣì ní omi tí ẹ óò fi po sìmẹ́ǹtì, tí ẹ óò sì máa fi wọ́n ọn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó má baà sán.

Oṣù karùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e: ẹ fi òjò àkọ́kọ́ fọ adágún.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà: ẹ kó ọmọ ẹja sínú rẹ̀.

Ìparí oṣù kọkànlá: ẹ kó ẹja jáde, kí ọyẹ́ tó mú. Omi líta 2,400 tí ó kù níbẹ̀ di ti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tòmátò àti ata. Ilẹ̀ á ti máa gbẹ nígbà náà, omi ẹja sì jẹ́ ajílẹ̀.

Oṣù kejìlá sí ìkẹrin: kí adágún wà ní gbígbẹ, tàbí kí ẹ fi ìdérí bò ó bí ẹ bá fẹ́ fi tọ́jú omi.

Omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni ọ̀rẹ́ wa nínú ètò yìí. Bí òrùlé yín bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 6, òjò tí ó bá rọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 péré á da líta 600 sílẹ̀. Bí díẹ̀ tilẹ̀ bá ṣòfò, òjò kan tí ó dára lọ́sẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún pípààrọ̀ omi. Ẹ kàn so páìpù tàbí páànù mọ́ etí òrùlé. Ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí òjò méjì àkọ́kọ́ ọdún ṣàn lọ, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó wà lórí páànù.

MÍMỌ ADÁGÚN

A ń pè é ní kòtò ẹja, ṣùgbọ́n èyí tí ó dára jù fún ilé tí ọmọdé wà kì í wọ inú ilẹ̀. Orí ilẹ̀ ni kí ó dúró sí.

1. Ẹ gba àṣẹ. Bí ẹ bá ń san owó ilé, ẹ lọ bá onílé. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ó ń pọn kànga náà. Èyí ṣáájú búlọ́ọ̀kù.

2. Ẹ yan ibi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, tí ó sì ní ìbòòji lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe é sábẹ́ igi dóńgóyárò tàbí máńgòrò. Ewé tí ó bá já sínú omi á jẹrà, omi dóńgóyárò sì léwu fún ẹja. Kí ó jìnnà sí ṣalángá àti sọ́kàwéè tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ó kéré tán.

3. Ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ẹ gún un le. Ẹ da kọnkéré sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ínǹsì 4: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Kí ó rọra dà sí ìhà kan.

4. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù onínǹsì 9 mọ ògiri rẹ̀ títí yóò fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Omi kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ nínú rẹ̀. Àrọ̀ lè gun ògiri kúkúrú lóru òjò, ó sì ń wọ́ rìn lórí ilẹ̀.

5. Níbi tí ó dà sí, ẹ fi páìpù ínǹsì 3 sí ìsàlẹ̀ ògiri kí omi ìdọ̀tí lè máa jáde fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí wà. Ẹ fi àwọ̀n dí ẹnu páìpù náà. Kí omi rẹ̀ máa ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ, kì í ṣe sí ojúlé ẹlòmíràn.

6. Ẹ rẹ́ ẹ nínú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì lásán dán an.

7. Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń mú kí omi korò bí omi eérú, ó sì ń pa ẹja. Ẹ fi omi kún un, ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dà á nù, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ ẹja 3 dán an wò fún ọjọ́ 2. Bí wọ́n bá yè, ó ti tó.

8. Ẹ fi irin àti àwọ̀n onírin ṣe ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì fi àgádágodo sí i. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Omi tí kò tó orúnkún àgbàlagbà lè pa ọmọdé. Ọjọ́ tí ìdérí bá délé ni kí omi wọ adágún, kì í ṣe kí omi ṣáájú. Ìdérí yìí kan náà ni yóò gba ẹja lọ́wọ́ ẹyẹ, ológbò àti olè.

ỌMỌ ẸJA ÀTI OÚNJẸ WỌN

Fún adágún líta 2,400 yìí, ọmọ ẹja 50 ti tó. Ojúkòkòrò ni ó mú àwa kó 200. Ẹ ra èyí tí ó ti gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí gbogbo wọn sì dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá gbé wọn dé, ẹ kọ́kọ́ gbé ike wọn léfòó lórí omi adágún fún ìṣẹ́jú 20, kí ooru omi méjèèjì lè dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni ẹ pọn, kí ẹ fi sílẹ̀ gbangba fún ọjọ́ 2 kí òógùn apakòkòrò inú rẹ̀ lè fò lọ.

Ẹ máa fún wọn lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀nba èyí tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 15. Oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù ni ó ń ba omi jẹ́, òun náà sì ni ó ń gba owó jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹja 40 bá yè nínú 50, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn gíráàmù 700, ẹ óò kó kílò 28. Oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ á tó nǹkan bí àpò onílò 15 mẹ́ta. Ẹ lọ ìwọ̀nyí fi ṣírò owó tí ẹ óò ná àti iye tí ẹja ń lọ lọ́jà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ máa ṣa èyí tí ó bá tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́tọ̀, nítorí àrọ̀ ńlá ń jẹ àrọ̀ kékeré. Bí ẹ bá rí i tí gbogbo wọn gbé orí sókè lórí omi, tí wọn kò sì padà sísàlẹ̀, omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ náà, kí ẹ da ìdajì omi nù, kí ẹ sì fi tuntun sí i.

Ní ti ẹ̀fọn, ọmọ àrọ̀ máa ń jẹ tanwíjí. Omi tí ẹja wà nínú rẹ̀ kọ́ ni ó ń mú ibà wá, bí kò ṣe omi tí ó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá kó ẹja tán. Ẹ gbá adágún gbẹ ní ọjọ́ tí ẹ bá kó ẹja.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ÌYÁ WA BÉÈRÈ

Ṣé a ní láti dúńbú ẹja? Rárá. Súrà Al-Máídà, áyà 96, ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ohun tí a mú nínú omi jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìyà jẹ ẹ́ lásán.

Ṣé a lè fi òkú adìyẹ bọ́ àrọ̀, bí àwọn kan ti ń ṣe? Àwọn onímímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹran tí ó ń jẹ ẹ̀gbin, ìmọ̀ràn wa sì ni pé kí a yàgò fún un. Oúnjẹ mímọ́ ni kí ẹ fún ohun tí àwọn ọmọ yín máa jẹ.

Ṣé a lè fi omi adágún ṣe àlùwàlá? Ẹ bi àlùfáà àdúgbò yín, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo àwọ̀ omi náà, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tí a tún bẹ̀rẹ̀, ní ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí a kó ẹja jáde, ilé ìyá àgbà yẹn ni a kọ́kọ́ gbé ẹja lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé adágún ńkọ́. A ní ó ti gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàdúà fún wa. Nígbà tí oṣù kẹta dé, omi ni ó fà nínú kànga, kì í ṣe ẹrẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Èwo nínú àwọn ilé wa ni ó ti wọn kànga rẹ̀ ní oṣù kẹta? Kí ni ó rí?
2. Ilé mélòó ni ó ń pọn kànga tí ẹ ń lò? Ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ gbogbo wọn?
3. Kí ló dé tí adágún tí a kó ẹja sí ní oṣù kẹsàn-án fi wọ wàhálà ní oṣù kẹta?
4. Kí ni ó gbọ́dọ̀ délé kí omi tó wọ adágún?
5. Bí òrùlé yín bá gùn ní mítà 8, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 5, líta mélòó ni òjò sẹ̀ǹtímítà 1 máa dà sílẹ̀?

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó jẹ́ kí àwa àti àwọn aládùúgbò wa jọ máa mu omi tútù, kí ó sì dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín. Wa billahi tawfiq.